TÍTO SINIMÁ: IṢẸ́ TÍ ÈDÈ WA NÍ ÌPÍN NÍNÚ RẸ̀



Àwa tí a ti ta kásẹ́ẹ̀tì fídíò rí ni ẹgbẹ́ ní kí á sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń to sinimá. Nígbà tí Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, fíìmù ni wọ́n fi yà á; gígé ni wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, dídà ni wọ́n ń dà á kọ láti inú ẹ̀rọ kan sí èkejì, àwòrán a sì máa ṣá. Lónìí, kọ̀ǹpútà ń gé e láìba èyí tí a kọ́kọ́ yà jẹ́. Òmíràn tilẹ̀ ń fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò gé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ohun tí dùndún ń wí lè gé òwe sí méjì. Nínú Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, ìlù ni ó gbé ìtàn ró. Bí a bá gé e níbi tí kò yẹ, ìtàn bàjẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. A bẹ̀ yín, kí á yọ nínú owó ìkówójọ òní ra kọ̀ǹpútà sí gbọ̀ngàn wa, kí olùkọ́ Yorùbá sì máa jókòó tì wọ́n nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè méjèèjì lè rí iṣẹ́ ṣe ní Kánò níhìn-ín àti ní Èkó. Ohun tí a bá gé sọnù nínú èdè wa, ẹ̀rọ kò ní bá wa wá a.