Oyún Kì í Ṣe Ohun À Ń Fọwọ́ Bò

Ẹ̀yin ará Ìkòyí-Ilé, ẹ wo tọkọtaya kan.

Ìyàwó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ọkọ ń gun ọ̀kadà. Oyún àkọ́kọ́ dé láìrò tẹ́lẹ̀. Torí owó káàdì ìtọ́jú aboyún, ìyàwó fi í pamọ́ di oṣù keje. Àbúrò mi, ewu ni! Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Bó bá wá di iṣẹ́ abẹ òjijì ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbèsè dé nìyẹn.

Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́, àjọ adójútòfò ìlera, OYSHIA, ló ń forúkọ ẹni sílẹ̀ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè lọ sí sẹ́ńtà ìlera, kí ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá orúkọ yín lè wọlé, àti ohun tí ẹ máa rà fún ìgbẹ̀bí.

Ọkọ ìyàwó, dá àjọ. ₦200 lójúmọ́ fún oṣù 6 á tó ₦36,000. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má bú wọn. Ẹ bá wọn dá sí i.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmọ́ ẹ gba káàdì lọ́sẹ̀ yìí o.