Ilé fún Àwọn Tí Ojú Inú Kọ́ Níṣẹ́ Ọnà



Oníjó ni Táíwò Ọláníyì, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven. Ó ń jó fún àwọn tó ń polówó oògùn. Kò kọ́ àwòrán yíyà rí kó tó wọ Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo ní 1964. Kò pẹ́ tí iwin àti ẹbọra fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lórí bébà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọn ará Òṣogbo wọ̀nyí jọ sí? Bayreuth ni, ní Jámánì, nínú Ìwàléwà tí Ulli Beier dá sílẹ̀ ní 1981. N kò bá a jà; ó tọ́jú ohun tí àwa kò tọ́jú.

Èkìtì náà mọ̀ ọ́n lára. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìpàtẹ 1924. Ìtẹ́ ọba ni òyìnbó fi pààrọ̀ rẹ̀; kò padà wálé mọ́.

Adó yìí ni kí ilé tiwa wà. Yàrá méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. A kò ní béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ wà lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ọpọ́n tó wà níwájú yín: ta ló gbẹ́ ẹ? Ẹ bá wa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.