Irin Líle àti Omi Bátìrì



Alágbẹ̀dẹ tí ń fi síbíríńgì mọ́tò rọ àdá mọ̀ pé irin gbígbóná tí a rì bọ omi a máa le, a sì máa ṣẹ́ bí a kò bá tún fi iná rọ̀ ọ́ díẹ̀. N kò níí kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Omi bátìrì tí a fi ń ṣí ìpẹtà lára irin líle ni ọ̀rọ̀ mi. Ásíìdì inú rẹ̀ a máa tú háídírójìn sílẹ̀, èyí a sì wọnú irin lọ lúgọ. Johnson ará Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ ní 1875. Àdá náà lè wà lórí àtẹ l'Ọ́jà'ba láìlábùkù, kí ó wá ṣẹ́ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Yanrìn ni kí á fi ha á. Bí ásíìdì bá ti kàn án, kí á yan án kíákíá ní ìwọ̀n 200 sẹ́ńtígíréèdì, fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán.