Àṣé kì í ṣe oògùn náà?

Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn dókítà kó ènìyàn 60 jọ tí wọ́n ti pa statin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tì torí ó ń ni wọ́n lára. Oṣù 4 oògùn gidi, oṣù 4 èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, oṣù 4 láìlo rárá, gbogbo ẹ̀ lórí dídàrú. Orí fóònù ni wọ́n ti ń fún ìnira ní máàkì lójoojúmọ́.

Ohun tó wù mí: kálukú ni wọ́n fi wé ara rẹ̀ kí wọ́n tó pa èsì pọ̀. Tí ẹ bá kàn da máàkì pọ̀, tí ẹni tí ara ń ni jù wá fo oṣù kan, ìṣirò dàrú nìyẹn.

Èsì 2020, nínú 100: láìlo rárá, 8.0, oògùn òfìfo, 15.4; statin, 16.3. Ìnira wọn kì í ṣe irọ́ o! Oògùn gbígbé mì ló fa púpọ̀ nínú ẹ̀. Ìdajì wọn ló padà sídìí statin.