Orógbó àti Àrùn Rọpárọsẹ̀

  Ọ̀rọ̀ orógbó ni mo bá wá lónìí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láàrin wa. Òun ni a fi ń wúre fún ọmọ tuntun pé kí ó gbó, kí ó tọ́. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún yín pé orógbó ń wo àrùn rọpárọsẹ̀, kí ni kí ẹ dá a lóhùn? Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ kì í ṣe ọfà tí ọ̀tá ta láti òkèèrè. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tàbí bí iṣan náà bá bẹ́, apá ibẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ìyà kejì sì tún ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Ẹ wo bí ẹsẹ̀ tí ó fara gbọgbẹ́ ti í pọ́n, tí í gbóná, tí í sì í wú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpọlọ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ní àyè láti wú, inú agbárí kò ní. Nítorí náà, wíwú yìí a máa ba èyí tí ó ṣẹ́ kù jẹ́.

Ìyà kejì yìí ni àwọn onímọ̀ ń wá oògùn rẹ̀ lára ewé àti èso igi. Ohun kan wà nínú orógbó tí wọ́n ń pè ní kolaviron. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olátúndé Farombi ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 2015, òun àti àwọn onímọ̀ kan láti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n dí iṣan ọrùn èkúté tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, wọ́n sì tún ṣí i. Àwọn èkúté tí wọ́n fún ní kolaviron, ọpọlọ wọn kò bàjẹ́ tó ti àwọn tí wọn kò fún.

Ìròyìn ayọ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n èkúté kì í ṣe ènìyàn, kolaviron tí a yọ tí a sì wọ̀n kì í sì í ṣe orógbó tí a ń họ jẹ. Kò tíì di oògùn tí dókítà ń fún aláìsàn rọpárọsẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá rẹ̀ kò gbé mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ má ṣe fi orógbó tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè ti kú, kí ohun tí ẹ fún un sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà sí Ìjagun. Ẹ gbé e lọ kíákíá! Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, ṣùgbọ́n kí wákàtí 4 àti ààbọ̀ tó kọjá láti ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fún un, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ya àwòrán ọpọlọ tí ó sì fi hàn pé iṣan kò bẹ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ewé ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀ kí àìsàn tó dé. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aláìsàn rọpárọsẹ̀ 2,118 ní Nàìjíríà àti Gánà wé àwọn tí àrùn náà kò ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó léwájú nínú ohun tí wọ́n bá lára àwọn aláìsàn náà. Àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé sì wà lára wọn pẹ̀lú. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro wà lẹ́yìnkùlé wa. Ẹ jẹ́ kí á máa jẹ wọ́n. Ẹ máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ má sì ṣe tìtorí àgbo pa oògùn dókítà tì.

Kí orógbó máa wà nínú àwo ìwúre wa. Ṣùgbọ́n bí rọpárọsẹ̀ bá dé, ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kí á mú pọ̀n.