Ìrántí Lionel Terray, Afinimọ̀nà Orí Òkè

Ẹni tí a fẹ́ rántí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Lionel Terray ni, ará Faransé, tí a bí ní Grenoble ní ọdún 1921. Iṣẹ́ méjì ni ó fi ń jẹun. Nígbà òtútù, ó máa ń kọ́ àwọn ènìyàn ní síkì, èyí ni pé kí a so pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, kí a sì máa fi í yọ̀ lórí òjò dídì. Nígbà ooru, ó di afinimọ̀nà ní Chamonix: yóò fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ àlejò, yóò mú un gun òkè, yóò sì mú un bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ òjò dídì. Àwa tí a wà nílé, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ díẹ̀, aṣọ ni a ń wá kiri.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Júùnù ọdún 1950, Maurice Herzog àti Louis Lachenal dé ṣóńṣó Annapurna ní ilẹ̀ Nepal, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 8,091. Kò sí ẹni tí ó tíì dé ṣóńṣó òkè tí ó tó mítà 8,000 rí. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ayé gbọ́. Terray àti Gaston Rébuffat wà nínú àgọ́ nísàlẹ̀, wọ́n ń retí pé yóò kan àwọn lọ́la.

Herzog wọlé láìní ìbọ̀wọ́, ìka rẹ̀ ti le bí igi. Lachenal ní tirẹ̀ ti ṣubú kọjá àgọ́. Igbe rẹ̀ ni Terray gbọ́ tí ó fi sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Lachenal bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú òun tọ dókítà lọ lóru náà, kí wọ́n má baà gé òun lẹ́sẹ̀. Terray kọ̀, ó mú un padà sínú àgọ́. Kò lè rọrùn fún un, nítorí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gun ògiri àríwá òkè Eiger ní 1947. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni òun àti Rébuffat ń ra ẹsẹ̀ àwọn tí òtútù mú, tí wọ́n sì ń fi okùn nà án kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn. Ní òwúrọ̀, ẹsẹ̀ Lachenal ti wú, kò gba bàtà mọ́. Terray bọ́ bàtà tirẹ̀ tí ó tóbi jù fún un, ó sì ki ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ inú ti Lachenal.

Ìjì mú wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣìnà, inú ihò yìnyín ni wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Terray àti Rébuffat kò ríran mọ́, nítorí wọ́n ti bọ́ awò ojú láti wá ọ̀nà. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti kú ni ó ń ríran; àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le ni ó fọ́jú. Báyìí ni wọ́n ń táràrà títí Marcel Schatz, ẹlẹgbẹ́ wọn, fi rí wọn. Gbogbo wọn ni ó sọ̀kalẹ̀ láàyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Lachenal pàdánù gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Terray náà dé ṣóńṣó Makalu ní 1955. Ní 1957 ó wà lára àwọn tí ó yọ Claudio Corti, ará Ítálì, kúrò lára ògiri Eiger yẹn kan náà. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1961, ó pe irú ènìyàn bíi tirẹ̀ ní aṣẹ́gun ohun tí kò wúlò. A kò ní bá a jiyàn lórí òkè gígùn. Ṣùgbọ́n bàtà tí ó bọ́ yẹn, a kò lè kà á mọ́ ohun tí kò wúlò.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1965, òun àti afinimọ̀nà mìíràn, Marc Martinetti, já bọ́ lórí òkè Vercors, nítòsí ìlú tí a bí i sí. Okùn kan náà ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni ọdún 44 ni. Chamonix ni wọ́n sin ín sí.