Ọmọ Tí Kò Ké: Ǹjẹ́ Ẹ̀kọ́ Tí A Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Ń Gba Ẹ̀mí Là?

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ìlera ìlú kan bá àwọn aláboyún àti àwọn agbẹ̀bí sọ ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀)

Gbogbo wa la mọ àdúrà tí a máa ń gbà fún aláboyún: ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ohùn ọmọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé ọmọ mìíràn wà tí a ó bí, tí a kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nínú ọmọ mẹ́wàá tí a bí, ọ̀kan tàbí bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kí ó tó mí dáadáa. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kí a fi aṣọ gbígbẹ nu wọ́n kíákíá, kí a sì fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn, ti tó. Àwọn díẹ̀ tó kù ni a ó fi báàgì fún ní afẹ́fẹ́, ìyẹn báàgì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, tí ó ní ìbòmú kékeré lẹ́nu. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn gbé ẹ̀kọ́ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2010, tí wọ́n pè ní Helping Babies Breathe. Nínú ẹ̀kọ́ náà, ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń pè ní ìṣẹ́jú wúrà. Kí ìṣẹ́jú náà tó pé, ó yẹ kí ọmọ ti máa mí, tàbí kí a ti máa fi báàgì mí fún un. Ẹ̀yin ìyá, ẹ rò ó wò: bí ọmọ kò bá mí ní Máfolúkù, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ọ̀nà tilẹ̀ dá. Ẹni tó wà lẹ́bàá yín lákòókò náà ni yóò ṣe é.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwa nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí fún èmi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan. A jẹ ráìsì, a gba sàtífíkéètì, a ya fọ́tò. Mo tẹ báàgì fún ọmọlangidi, olùkọ́ sì yìn mí. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Ìyá kan bí ọmọkùnrin. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà rọ̀, kò ké. Mo nu ún, mo ra ẹ̀yìn rẹ̀, kò mí. Mo ní kí wọ́n mú báàgì wá. Báàgì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé. Nígbà tí a já a, ìbòmú tí a bá níbẹ̀ tóbi ju ojú ọmọ lọ, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. N kò rántí láti gbé orí ọmọ sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè là, ohun tí mo ti ṣe lójú olùkọ́ láìsí àṣìṣe. Ọmọ náà mí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó kú ní ọjọ́ kejì. Nínú ìròyìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́dún yẹn, orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n ti kọ́. Òótọ́ ni, wọ́n ti kọ́ mi.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀, nígbà náà, pé ẹ̀kọ́ kan ṣiṣẹ́? Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Donald Kirkpatrick, ti kọ ọ́ ní 1959 pé ìbéèrè mẹ́rin ni kí a bi. Ṣé ẹ̀kọ́ náà tẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn? Ṣé ó mọ̀ ọ́n? Ṣé ó ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́? Kí ni àǹfààní tó jáde níbẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, ti àkọ́kọ́ la sábà máa ń bi, pẹ̀lú ìdajì èkejì. Ẹ ti rí fọ́ọ̀mù yẹn rí: ǹjẹ́ o gbádùn ẹ̀kọ́ yìí? Ta ni yóò kọ pé òun kò gbádùn, nígbà tí wọn kò tíì san owó ọkọ̀?

Ní ilẹ̀ Tansaníà, ọsibítù kan wà ní ìgbèríko tí ń jẹ́ Haydom. Ní 2010 wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tí mo sọ yìí. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, 18 nínú 100 wọn ló yege nígbà tí wọ́n dán wọn wò lórí ọmọlangidi bóyá wọ́n lè mú ọmọ mí. Ní oṣù méje lẹ́yìn ẹ̀kọ́, 74 nínú 100 ló yege. Bó bá jẹ́ àwa ni, a ó ti pàtẹ́wọ́, a ó sì ti lọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí wọ yàrá ìbímọ lọ, wọ́n fi aago wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ gidi. Iṣẹ́ kò yí padà.

Èyí kò sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò dára. Ní ọsibítù mẹ́jọ ní ilẹ̀ Tansaníà kan náà, àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2013 fi hàn pé ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ fi 47 nínú 100 dín kù. Àwọn ará Haydom wá yí ọwọ́ padà ní 2011. Wọ́n gbé ọmọlangidi wá sí yàrá ìbímọ, wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún dánra wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 wálẹ̀ láti 11.1 nínú ẹgbẹ̀rún kan sí 7.2. Àwọn ọmọ tí báàgì kàn pàápàá dín kù. Ó jọ pé nínù àti ríra ẹ̀yìn tí wọ́n ń ṣe dáadáa ló ń mú kí púpọ̀ wọn mí fúnra wọn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ilé ìwòsàn kan ń gbẹ̀bí ọgbọ̀n lóṣù, agbẹ̀bí mẹ́fà ló sì wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tàbí bẹ́ẹ̀ ni yóò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lóṣù. Oṣù méjì lè kọjá kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó kan ẹnì kan nínú wọn, ti èyí tí yóò fẹ́ báàgì sì tún ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan yóò gbàgbé nǹkan. Ní irú ibi kékeré bẹ́ẹ̀, a kò tilẹ̀ lè fi iye ikú nìkan díwọ̀n ẹ̀kọ́, nítorí pé bí ọmọ méjì bá kú ní èṣí, tí ọ̀kan kú lọ́dún yìí, ó lè jẹ́ oríire lásán. Ohun tí a lè wò ni pé: báàgì ha wà ní ṣíṣí lórí tábìlì kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí bí? Ìbòmú ọmọ tó pé oṣù àti ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ha wà bí? Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló kọjá láti ìgbà tí a bí i dé ìgbà tí báàgì kọ́kọ́ gbé àyà rẹ̀ sókè?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà ló dùn mí jù. Ọmọ tí ó ti kú sínú fún ọjọ́ púpọ̀, awọ ara rẹ̀ a máa bó. Èyí tí awọ ara rẹ̀ dán, tí ó kàn dùbúlẹ̀ láìmí, ọkàn rẹ̀ lè ṣì máa lù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ pé òkú la bí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ọkàn rẹ̀. Ó rọrùn láti kọ “òkú” ju láti kọ “a kò rí báàgì” lọ. Bí a bá ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa lè sọ bóyá ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ mú aṣọ mímọ́ tó gbẹ méjì wá, ọ̀kan fún nínu ọmọ, èkejì fún wíwé e. Ẹ béèrè kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé: “Sístà, báàgì ọmọ dà? Ta ni yóò wà níbí lóru?” Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹsẹ̀ ọmọ yín mú, kí ó dorí rẹ̀ kodò, kí ó gbá a, tàbí kí ó da omi tútù lé e. Bí agbẹ̀bí bá sì fajú ro nítorí ìbéèrè yín, ẹ tún un bi.

Ọmọlangidi náà nìyí lórí tábìlì. Kí àwọn agbẹ̀bí bọ́ síwájú ní méjì-méjì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ máa fi aago ọwọ́ yín wo wọ́n.